Ìdáríjì Kàsímù

Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, Kàsímù sì ti ń tún un wí fún ara rẹ̀ láti èbúté Ajah títí ó fi gòkè sí ìgboro Èkó, tó wọ àgọ́ ọlọ́pàá. Ní báyìí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì, etí agbádá rẹ̀ ń gbálẹ̀, ó ń wí i fún Sájẹ́ǹtì Odùkọ̀yà.

"Sájẹ́ǹtì, ìbínú ni. Òkò ìbínú ni mo jù. Kò sí lọ́kàn mi pé kó ba ẹyẹ."

Odùkọ̀yà ń fi abẹ bó ọsàn. Èèpo ọsàn náà gùn wálẹ̀ gbọọrọ láì já. Kò gbójú sókè.

"Ẹyẹ ti bọ́, bàbá. Ẹ dìde. Ẹlẹ́rìí ìjọba ni yín. Ẹlẹ́rìí ìjọba kì í fi àyà gbálẹ̀."

"Wọ́n ní ikú ni! Inú ọkọ̀ ni mo ti gbọ́ lánàá. Tíṣà kan ló ń ka ìwé ìròyìn fún wa. Ó ní òfin kan wà tí àwọn ṣọ́jà ṣe lẹ́yìn ogun: ẹni tó bá mú ohun ìjà dání jalè, wọn ò ní í tì í mọ́lé mọ́, wọ́n á so ó mọ́ òpó létíkun, wọ́n á yìnbọn fún un. Sájẹ́ǹtì, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ẹ ní ọmọ náà á kàn pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ ni."

"Ṣé kò ní í pẹ́ níbẹ̀ ni?" Odùkọ̀yà fi ọsàn sẹ́nu, ó fa omi rẹ̀.

"Ẹ bá mi fa ọ̀rọ̀ mi yọ."

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti tẹ àtàǹpàkò sí? Ẹ rò pé egungun inú ọbẹ̀ ni?"

Odùkọ̀yà kì í ṣe ènìyàn burúkú lójú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Òun ló máa ń gbé igbá ọrẹ káàkiri lọ́jọ́ ìsinmi, bó bá sì ń ka Sáàmù, àwọn ìyá a máa fi ìborùn nu ojú. Àwòrán Jésù lórí àgbélébùú wà lára ògiri, lókè tábìlì rẹ̀. Kàsímù tẹjú mọ́ ọn. Ó ti lọ sí ilé ìwé ìjọ fún ìgbà díẹ̀ ní kékeré, kí bàbá rẹ̀ tó mú un lọ sídìí àwọ̀n.

"Sájẹ́ǹtì, olè méjì ni wọ́n kàn mọ́ igi pẹ̀lú Jésù yín. Wọ́n kọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn gba ìdáríjì."

"Ó gbà á," ni Odùkọ̀yà wí. Ó tu kóró ọsàn sí àtẹ́lẹwọ́. "Ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

*

Ràṣídì ni ẹyẹ tí à ń wí, ọmọ Sùlè tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Kàsímù. Ìyá kan náà ló bí Sùlè àti Kàsímù, ọkọ̀ kan náà ni wọ́n sì jọ fi ń pẹja lórí ọ̀sà, kí Sùlè tó ra ẹ́ńjìnnì. Òun ló kọ́kọ́ so ẹ́ńjìnnì mọ́ ìdí ọkọ̀ ní èbúté yẹn. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ fà á tó bú, àwọn ọmọdé sá wọ inú ilé, àwọn àgbà sì ń pàtẹ́wọ́. Ikọ́ ló pa Sùlè. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, Fàúsátù tí ń fún àdín àgbọn tà, àti ọmọkùnrin kan.

Nígbà tí Fàúsátù bọ́ aṣọ opó, Kàsímù wọ agbádá, ó fi lọ́fínńdà sí i, ó wá sọ pé òun fẹ́ ṣú u lópó. Fàúsátù kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ló fẹ́ mi, ó sì tó mi. Ẹ jẹ́ kí n máa fún àdín mi." Kàsímù rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rán àwọn géńdé wá, wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì náà kúrò lábẹ́ òrùlé rẹ̀. "Ẹni tó kọ̀ wá kò lè kọ̀ wá kó tún máa jẹ ohun ilé wa." Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ nìyẹn.

Gbogbo Ajah ló mọ ẹni tó ni ẹ́ńjìnnì. Gbogbo Ajah náà ló sì ń wọ ọkọ̀ Kàsímù lọ sí Èkó.

Iṣẹ́ àgbọn gígùn ni Ràṣídì ń ṣe nínú oko àgbọn etíkun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé igbà ni ẹsẹ̀ wọn, àdá sì ni ọwọ́ wọn. Bí wọ́n ti ń jí ni wọ́n ń so àdá mọ́ ìdí, bí ẹlòmíràn ti ń wọ fìlà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti oko bọ̀, igbà lọ́rùn, àdá ní ìdí, ó bá Kàsímù lẹ́bàá omi níbi tó ti ń nu ẹ́ńjìnnì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni ọmọ náà wí, "ẹ jẹ́ kí n gbé ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ìyá mi ti ń gbé àgbọn lórí dé Ìkátè. Ọrùn ń dùn ún."

"Ìyá ẹ?" ni Kàsímù dáhùn. "Ìyá ẹ tó ń fi ọrùn ṣe fáàrí? Kó ta ọrùn náà, kó fi ra ẹ́ńjìnnì tirẹ̀!"

Ràṣídì tì í. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kàsímù fìdí jókòó sínú omi tí kò mù ju orúnkún lọ, fìlà rẹ̀ ń léfòó lọ, gbogbo èbúté sì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà gbé ẹ́ńjìnnì lé èjìká, ó ń lọ sílé. Kò fọwọ́ kan àdá. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ó fọwọ́ kàn án, irọ́ ló ń pa.

Ẹ́ńjìnnì kọ́ ló dun Kàsímù. Ẹ̀rín yẹn ni. Ẹ̀rín náà ló bá a sùn tó tún bá a jí, òun ló sì mú kó di apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ kan, ọ̀bọ̀kún tó sanra, ó gbé e lọ bá sájẹ́ǹtì kan tó mọ̀ ní Èkó.

Odùkọ̀yà gbóòórùn ẹja náà, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, "Ṣé ó mú nǹkan dání?"

"Nǹkan bíi kí ni?"

"Nǹkan ni mo wí. Kóńdó, ọ̀bẹ, àdá."

"Àdá wà ní ìdí rẹ̀. Ṣé àdá a máa kúrò ní ìdí ẹni tó ń gun àgbọn ni?"

"Mi ò bi yín léèrè àgbọn, bàbá. Bí kò bá sí àdá, ìjà ẹbí ni. Ọ̀la ló máa padà sí Ajah wá fi yín rẹ́rìn-ín. Bí àdá bá wà, tó yọ ọ́ . . ."

"Kí ni wọ́n máa fi í ṣe?"

"Á pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀."

Kàsímù wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó tún gbọ́ ẹ̀rín yẹn. "Ó yọ àdá sí mi," ló wí, ó sì tẹ àtàǹpàkò.

Odùkọ̀yà mọ òfin tuntun náà. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé ẹni tó bá mú adigunjalè ni àwọn ọ̀gá ń fi irin oyè tuntun sí léjìká. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti mú Ràṣídì, ó sì gbé àdá àti ẹ́ńjìnnì lọ sí àgọ́.

*

Àwọn mẹ́ta ló jókòó níwájú ní kóòtù àkànṣe tí òfin náà dá sílẹ̀: adájọ́ kan, ọ̀gá ṣọ́jà kan, ọ̀gá ọlọ́pàá kan. Ràṣídì dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Ó ti rù. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí igbà ti sọ di awọ ẹsẹ̀ ni ó fi di igi àpótí mú, bí ẹni wà lórí àgbọn tí afẹ́fẹ́ ń jù. Fàúsátù jókòó lẹ́yìn pátápátá. Lèmọ́mù Gàníyù ti Ajah jókòó tì í.

Agbẹjọ́rò ìjọba gbé àdá sókè. Ògbifọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

"Ṣé àdá tó mú dání nìyí?"

"Àdá rẹ̀ ni," ni Kàsímù wí.

"Ṣé ó yọ ọ́ sí yín?"

Ràṣídì gbójú sókè, ó wo àbúrò bàbá rẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ń wò ó bí ẹni tó wà lókè igi ti í wo ẹni tó di okùn mú nísàlẹ̀.

Kàsímù gbin. Ó ti pinnu ohun tó fẹ́ sọ nínú ọkọ̀. Ó fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò náà ti ka ojú rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ògbifọ̀ wá pariwo rẹ̀: "Bàbá, ẹ rántí ohun tí ẹ tẹ àtàǹpàkò sí! Ẹni tó bá parọ́ mọ́ ènìyàn níwájú ọlọ́pàá, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ!"

Ẹ̀wọ̀n. Ó rí ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń wa. Ó rí Sìdíkàt ọmọ rẹ̀ tí ẹlòmíràn ń fi fọ́kọ. Ó rí mọ́sálásí tí òun fi páànù bò, tí àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ òun. Ó wá rí ọ̀nà kan láàrin òtítọ́ àti irọ́, ọ̀nà tó mọ́ tónítóní, tí ẹnikẹ́ni ò lè bú òun lé lórí.

"Olúwa mi," ló wí, "mo dárí jì í."

Ọ̀gá ṣọ́jà rẹ́rìn-ín músẹ́. Lèmọ́mù Gàníyù sáré dìde, ráwànì rẹ̀ ń mì. "Olúwa mi, ẹ jẹ́ kí n wí. Nínú Àlùkùránì, ẹni tó tilẹ̀ pa ènìyàn, bí àwọn ará ilé òkú bá yọ̀ǹda rẹ̀, wọ́n lè gba owó ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ torí Ọlọ́run. Ọmọ yìí ò pa adìyẹ. Ẹni tó ni ẹrù ti yọ̀ǹda."

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó hàn. "Lèmọ́mù, ta ni wọ́n jà lólè?"

"Kàsímù yìí ni."

"Rárá o. Ìjọba ni wọ́n jà lólè. Ìjọba ò sì tíì dárí jì í. Ẹ jókòó." Ó yíjú sí Kàsímù. "Mo tún bi yín, bàbá. Ó yọ àdá àbí kò yọ ọ́?"

"Mo ti dárí . . ."

"Ó yọ ọ́, àbí kò yọ ọ́?"

Kàsímù yíjú kúrò lára Ràṣídì. "Ó yọ ọ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n mo ti dárí jì í."

Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ ikú fún Ràṣídì nìyẹn. Kò sí kòtẹ́milọ́rùn nínú òfin náà. Ìbuwọ́lù gómìnà ló kù. Adájọ́ sì pàṣẹ kí wọ́n dá ẹ́ńjìnnì tó wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá padà fún ẹni tó ni ín, wọ́n sì gbé e fún Kàsímù.

Fàúsátù kò sunkún. Nígbà tí wọ́n ń mú ọmọ rẹ̀ jáde, ó dìde láàrin àwọn ṣọ́jà, ó gbóhùn sókè, ohùn tí ìyá fi í jí ọmọ láàárọ̀:

"Àjàní, ọmọ Sùlè,
ọmọ a-bọ́-sọ́kọ̀-kí-afẹ́fẹ́-tó-jí,
Àjàní a-gungi-rókun-rọ́sà,
ó dókè tán, ó ní ìyá òun dà.
Bí o bá ń gòkè, má ṣe wolẹ̀, Àjàní;
ilẹ̀ ni kó máa wò ọ́."

Ọlọ́pàá kan ní kó panu mọ́, kóòtù nìyí. Ràṣídì yíjú padà, ó mi orí, bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré bí wọ́n bá kì í.

*

Rédíò ló sọ ọjọ́ ikú náà fún Fàúsátù. Ó wà nídìí ààrò, ó ń ro omi àgbọn lórí iná kí àdín lè léfòó, nígbà tí Lèmọ́mù àti Kàsímù wọlé. Lèmọ́mù ń fa tẹ̀súbáà. Kàsímù ò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí.

"Ẹ jókòó sórí àpótí, Lèmọ́mù," ni Fàúsátù wí. "Ẹ̀yin náà, ọkọ mi, ẹ jókòó."

"Ìyá Ràṣídì," ni Lèmọ́mù bẹ̀rẹ̀, "ohun tí Ọlọ́run bá kọ . . ."

"Ọlọ́run kọ́ ló kọ èyí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Bíírò ni wọ́n fi kọ ọ́."

Lèmọ́mù tẹ̀síwájú. Ó ní ìjọba kì í gbé òkú ẹni tí wọ́n bá yìnbọn fún fún ará ilé, ṣùgbọ́n ènìyàn lè kí ìrun òkú fún ẹni tí òkú rẹ̀ kò sí nílẹ̀. Ó ní àwọn kan nínú àwọn jàmáà ló ń jiyàn, wọ́n ní kò yẹ kí Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ṣíwájú ìrun adigunjalè, kí ẹlòmíràn ṣe é.

"Àwọn wo ni jàmáà?"

"Àwọn èèyàn wa náà ni."

Fàúsátù yí ìgbákọ nínú ìkòkò. "Lèmọ́mù, nígbà tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì kúrò nílé mi, mo wá bá yín. Mo ní, kí ni Kùránì wí nípa ogún ọmọ òrukàn? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ojú yín ni mo ti rí i pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n páànù tuntun ń dán lórí yín lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí n lọ ṣe sùúrù. Ẹsẹ Kùránì tó wí ti ogún fò yín ru. Ti ìdáríjì ni ẹ wá rántí níwájú ṣọ́jà. Bí ẹ bá ti ka ti àkọ́kọ́, a ò ní í wá ti èkejì."

Tẹ̀súbáà dúró lọ́wọ́ Lèmọ́mù.

"Ẹ̀yin sì ni mo fẹ́ bi ní ohun kan, ọkọ mi," ló wí fún Kàsímù, kò wo ojú rẹ̀. "Ẹ ní ẹ dárí jì í. Kí ni ọmọ mi ṣe yín?"

Àdín ti ń yọ lójú ìkòkò, ó ń ta pọ́ pọ́.

"Ẹ̀wọ̀n ni mo bẹ̀rù," ni Kàsímù wí nígbẹ̀yìn.

"Ẹ̀wọ̀n." Fàúsátù tẹ́ ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́nu bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. "Ẹni tó bá lọ ẹ̀wọ̀n ń bọ̀ wálé."

*

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi ìyìnbọn náà sí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kí Àsùbáà tán ni èbúté Ajah ti kún. O ó rò pé Iléyá ni. Àwọn ọkùnrin wọ dàńṣíkí mímọ́, àwọn obìnrin di mọ́ínmọ́ín sínú abọ́. Wọ́n ní àwọn tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún pọ̀, gbogbo Èkó ló máa wà létíkun, ẹni tó bá pẹ́ lẹ́yìn, ẹ̀yìn orí ẹni ẹlẹ́ni ló máa wò bọ̀. Dúró onígbàjámọ̀ gbé àpótí tí àwọn oníbàárà rẹ̀ máa ń jókòó lé sí orí.

"Èmi á gun tèmi ni!" ló ń kígbe. "Ẹni tó bá kúrú, kó wá bẹ̀ mí!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ràṣídì ló gun àgbọn tí wọ́n fi ṣe ìkómọ ọmọ Dúró nígbà tí òjò ń rọ̀ tí ẹlòmíràn ò gbà láti gùn ún. Bóyá Dúró ti gbàgbé. Bóyá kò gbàgbé.

Ọkọ̀ ń kún, wọ́n ń ṣí. Ọ̀kan ló ṣẹ́kù tí kò ní èrò nínú. Kàsímù jókòó sí ìdí rẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ẹ́ńjìnnì, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

"Bàbá Sìdíkàt!" ni Dúró ké sí i. "Gbogbo ọkọ̀ ti kún. Tiyín ló kù, tiyín ló sì yá jù. Ẹ gbé wa lọ o."

"Ọkọ̀ yìí ò lọ."

"Ha! Ẹ̀yin gan-an tí wọ́n jà lólè? Àgà iwájú ló yẹ kí ìjọba fún yín lónìí! Tí kì í bá ṣe tiyín, ta ni ì bá rí ìran wò?"

Ẹ̀rín tún bú. Ẹ̀rín yẹn kan náà ni. Kàsímù mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ̀rín já lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. Fàúsátù ló ń bọ̀. Ó wọ aṣọ funfun, ó ru ẹní titun kan sórí. Àwọn èèyàn yà fún un. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo abọ́ mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Dúró gbé àpótí kúrò lórí, ó fi pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀.

Ó wọ inú omi, omi mù ún dé orúnkún, níbi tí Kàsímù fìdí jókòó sí lọ́jọ́sí. Ó gbé ẹní sínú ọkọ̀, ó gùn ún, ó jókòó, ó kọjú sí Kàsímù.

"Ìyá Ràṣídì," ni Kàsímù wí. "Wọn ò ní í gbé òkú fún wa o."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá fẹ́ fi ẹní ṣe?"

"Màá tẹ́ ẹ sórí iyanrìn níbi tó ti máa rí mi. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ orúkọ rẹ̀ nìkan ni yóò rí."

Kàsímù fà sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí okùn ẹ́ńjìnnì láti fà á. Kó tó fà á, Fàúsátù ti gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà ń rùn àdín.

"Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ẹ́ńjìnnì yẹn kalẹ̀," ló wí. "Ẹ fi àjẹ̀ gbé mi lọ."